Àjọkẹ́, Jẹ́ Kí Ẹ̀yìn Rẹ Kan Ilẹ̀

Abúlé wa, lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àjọkẹ́ mi, ọmọ ìyá mi,

Ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi ti dé. Mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lóko, mo tún gbọ́ ọ nígbà tí mo délé. Màmá náà gbọ́ ọ, nítorí ariwo fóònù mi kò ṣeé dín kù mọ́ láti ọjọ́ tó ti bọ́ sínú omi tí wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ sí. O ní, "Bọ̀dá, júdò yìí ti sú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà sọ pé mo lè fi í sílẹ̀." Ẹkún ló tẹ̀ lé e. Màmá béèrè pé, "Kí ló ń jẹ́ júdò?" Mo ṣàlàyé fún wọn pé ìjàkadì àwọn ará Jàpáàn ni, pé ẹni méjì á di ara wọn láṣọ mú, ọ̀kan á sì gbé èkejì lulẹ̀. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé ilẹ̀ ilé wa kò tó ni ọmọ mi fi lọ sí Abẹ́òkúta kí wọ́n tó gbé e lulẹ̀?"

Kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Lẹ́yìn náà kí o máa kà á lọ.

Mi ò pè ọ́ padà nítorí pé lórí fóònù, tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan, o ti dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́ ni ọ́ báyìí, o ti mọ bí wọ́n ṣe ń pa ènìyàn lẹ́nu mọ́. Ilé-ìwé abúlé nìkan ni èmi lọ, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ wa ní lẹ́tà kíkọ níbẹ̀, wọ́n sì fi pàṣán kọ́ wa. Láti ìgbà tí Bàbá ti fi wá sílẹ̀, èmi ni mo dúró sí ipò wọn fún ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irùngbọ̀n mi kò tíì kún nígbà yẹn. Èmi ni mo ń lọ bá àwọn olùkọ́ rẹ sọ̀rọ̀ ní ilé-ìwé. Èmi náà ni mo gbé fóòmù ibùsùn rẹ lé orí ní ọjọ́ tí o kó lọ sí Abẹ́òkúta láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, gba lẹ́tà yìí bí ẹni pé ọ̀dọ̀ Bàbá ló ti wá. Ohùn pẹ̀lẹ́ tiwọn ni o kò ní rí níbẹ̀. Mi ò ní i.

Mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ mi ní oókan eéjì, kí o má bàa sọ pé mo ń rojọ́ bí ẹni tó mu ẹmu.

Èkíní. Má ṣe ka ìgbà tí o ṣubú.

Mo mọ̀ pé ò ń kà á. Mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ: "Wọ́n tún dá mi lónìí. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló dá mi." O ní ohun tó tilẹ̀ dùn ọ́ jù ni pé ọmọ náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn tó gbé ọ lulẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí." Àjọkẹ́, ọmọ tó gbé ọ ṣánlẹ̀ tó sì tún kí ọ, ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Kí lo fẹ́ kó sọ?

Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí kíkà yẹn ti wá. Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá.

Ṣé o ṣì rántí iyanrìn etí odò wa? Ó ṣeé ṣe kó má hàn sí ọ dáadáa mọ́, o kéré. Ní ìrọ̀lẹ́, tí a bá ti oko dé, tí àwọn ìyá bá ti kó láfún kúrò lórí àpáta ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ìrì, gbogbo àwa ọ̀dọ́mọkùnrin abúlé á sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀. Òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ á gba gbogbo ibẹ̀ kan. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ òórùn yẹn, apá mi á máa yún mi. A ó bọ́ èwù, a ó dì mọ́ra. Ìwọ lo máa ń di èwù tèmi mú, lórí gbòǹgbò igi mángòrò, tí o máa ń gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, o ó ní, "Ti Bọ̀dá mi ni!"

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, wọ́n ti dá a. Orúnkún kò kà. Ọwọ́ kò kà. Ẹ̀yìn ló kà. Èmi sì rèé, ara mi le, mo ga, mo lágídí. Kò sí ẹni tó gbé ẹ̀yìn mi lélẹ̀ rí ní abúlé wa. Lójoojúmọ́, tí a bá ń gun òkè padà sílé, mo máa ń sọ fún ọ pé, "Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, ó ti tán." O ó sì tún un sọ tẹ̀ lé mi bí ẹni ń kọ́ ẹsẹ Bíbélì sórí.

Ìdòwú ńkọ́? Òun lo mọ̀ lónìí sí Ìdòwú onítípà, tó máa ń fọn fèrè tó bá ń kọjá ilé wa. Nígbà náà, Àpò Láfún ni a ń pè é, nítorí bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, ó ti balẹ̀, gbì! Òun ló kéré jù láàárín wa. Gbogbo wa la dá a. A ó wá pagbo lé e lórí, a ó ní, "Àpò Láfún, ṣé o ti balẹ̀?" Á dáhùn láti ilẹ̀ níbẹ̀ pé, "Mo ti balẹ̀! Ẹlòmíràn dà?" Á gbọn iyanrìn kúrò lórí, á tún dìde. Ọ̀la á tún wá. Mo máa ń rò pé kò lójútì ni.

Wàyí o, Gálílì. Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ṣọ́ọ̀ṣì wa àti ti abúlé kejì jọ máa ń lọ sí Gálílì ni, lábẹ́ igi ilé-ìwé wa. Ìrẹsì Ọ̀fàdà nínú ewé, orin, eré sísá, àwọn ìyá ìjọ pẹ̀lú gèlè funfun. Tí oúnjẹ bá ti wọlé, àwọn ọ̀dọ́ á bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì. Àlùfáà wa á kọ̀yìn sí wa bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun ló máa kọ́kọ́ béèrè ní ọjọ́ kejì pé ta ló dá ta. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, mo ti dá gbogbo ẹni tó jáde. Ni wọ́n bá ti Ìdòwú síwájú mi.

Mo ní, "Ṣé Àpò Láfún ni kí n bá jà? Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ìjọ."

Ìdòwú ní, "Bọ̀dá Ṣínà, ẹ ṣáà wá. Tí èmi bá ṣubú, ó ti mọ́ mi lára. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Mi ò lè sọ fún ọ bó ṣe ṣe é. Mo ṣáà rí i pé ẹsẹ̀ mi kò sí lábẹ́ mi mọ́, ojú ọ̀run ni mò ń wò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣubú rí ì bá jẹ́ kí ara rẹ̀ rọ̀, ì bá yí gbirigbiri. Èmi kò ṣubú rí. Ọwọ́ ni mo nà sẹ́yìn kí ẹ̀yìn mi má bàa kan ilẹ̀. Ọwọ́ yẹn ló gba gbogbo ara mi dúró. Ọrùn ọwọ́ mi dún bí igi gbígbẹ, ẹ̀yìn mi sì tún kan ilẹ̀ náà ni. Mo pàdánù méjèèjì.

Bàbá rìn wá sídìí mi pẹ̀lú fìlà Àjíǹde wọn lórí. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ṣínà, ilẹ̀ lo bọ́ sí, kì í ṣe kànga. Dìde."

Mi ò dìde. Wọ́n gbé mi ni.

Nígbà tí ọwọ́ san, wọ́n ní kí n padà sí etí odò. Mo ní mi ò lọ mọ́. Wọ́n ní, "Títí láé?" Mo ní, "Títí láé." O mọ̀ mí, tí mo bá ti sọ ọ́, ó ti tán. Màlúù gan-an lè yí padà, èmi kì í yí ọ̀rọ̀ mi padà. Bàbá wò mí, wọ́n mi orí, wọ́n bá iṣẹ́ wọn lọ. Kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti papòdà. Wọn ò tún fojú rí mi lórí iyanrìn mọ́.

Gbọ́, Àjọkẹ́. Pé Ìdòwú dá mi, kò dùn mí mọ́. Gbogbo abúlé ṣì ń fi pè mí ní Ọwọ́ Gálílì, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ohun tó ń dùn mí ni gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo fi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìsàlẹ̀ odò, tí mò ń ṣe bí ẹni tó ń pọ́n àdá. Àdá yẹn mú ju bó ṣe yẹ lọ. Lónìí, kò sí ẹni tó ń jà níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan wà ní Ọ̀tà, àwọn kan wà ní Èkó, tí wọ́n ń jí lọ síbi iṣẹ́ kí àkùkọ tó kọ. Típà ti kó iyanrìn náà lọ, Ìdòwú fúnra rẹ̀ sì kó nínú rẹ̀. Mo bá a jà nítorí ẹ̀ nígbà kan. Ẹnu ni mo fi jà.

Èkejì. Lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú, kí o kọ́ ọ bí iṣẹ́.

Nígbà tí mo gbé láfún wá fún ọ, tí mo bá ọ dé gbọ̀ngàn júdò yín ní Ìbarà, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo rò pé ìjà ni mo fẹ́ wò. Ohun tí mo rí ni àwọn àgbàlagbà tí wọ́n to ara wọn lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí gbogbo wọn ń ṣubú. Wọ́n ń ṣubú sẹ́yìn, sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń fi ọwọ́ gbá mátì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, pàà! pàà! Kóòṣì yín, tó de bẹ́líìtì dúdú, ló ṣubú jù nínú wọn. Ó ń ṣubú, ó ń dìde, bí ẹni ń jókòó sórí àga. Ẹnu mi kò lè padé. Mo ní nínú mi pé, "Bí èyí bá jẹ́ ọ̀gá wọn, kí ni ọ̀gá ń ṣe nílẹ̀?"

Mo wá wo ìwọ. Gbogbo wọn rọ̀, ìwọ le. Tí ẹni tó dì ọ́ mú bá ti fẹ́ gbé ọ, o ó gan bí òpó, o ó fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra, o ó na apá sẹ́yìn. Nígbà tí mo rí apá yẹn, ọrùn ọwọ́ mi ló dùn mí. Mo rí ara mi.

Nígbà tí wọ́n sinmi, tí o lọ mu omi, Kóòṣì wá kí mi. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní ìjàkadì nílé?"

Mo ní, "Èmi ni," mo sì na ọrùn.

Ó ní, "Ẹ kọ́ ọ dáadáa jù. Ó kọ̀, kò ṣubú."

Mo ní, "Ṣé ó burú kéèyàn má ṣubú ni?"

Ó ní, "Sà, níbí, ẹni tí kò bá ṣubú kò lè kọ́ nǹkan kan. Tó bá ń jà kó má ṣubú, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti há. Èwo ni yóò fi gbé ẹlòmíràn? Ní ọjọ́ ìdíje, ìgbà yẹn ni kó kọ̀. Ibi ẹ̀kọ́ la wà yìí."

Mi ò sọ ọ́ fún ọ lọ́jọ́ yẹn. Ojú ń tì mí díẹ̀, ọkọ̀ Ọ̀dẹ̀dá sì ti fẹ́ kún. Ṣùgbọ́n òun nìyẹn. Òfin etí odò ni o gbé lọ sí Ìbarà. Òfin yẹn dára fún Gálílì, níbi tí a ti ń jà kí ìjọ lè pàtẹ́wọ́. Kò dára fún ibi tí a ti ń kọ́ṣẹ́. Ò ń lọ sí kíláàsì, ò ń ṣe é bí ìdíje, o wá ń padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí wọ́n dá níwájú gbogbo abúlé. Ta ni kò ní sú? Òkúta gan-an á sú.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Lórí mátì yẹn, ọmọdé ni ọ́. Fi tíṣà rẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá yẹn ti ń ṣubú láti ìgbà tó ti wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni níbẹ̀. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, màá lọ bá a, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ṣe èyí?" Tó bá rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín.

Mo ti fẹ́ gbàgbé nọ́ńbà tí mo dé. Kò burú.

Mo bi Ìdòwú lánàá, lẹ́yìn tí mo gbọ́ ohùn rẹ. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń fún táyà ní atẹ́gùn. Mo ní, "Àpò Láfún, nígbà tí gbogbo wa ń dá ọ lójoojúmọ́, kí ló ń mú ọ padà wá?"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi kò pé. Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ máa ṣe nílé? Ṣebí ibẹ̀ lẹ wà."

Mo ní, "Ìyẹn nìkan?"

Ó ní, "Tí mo bá sì ti yára ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù tán nìyẹn. Ó kù kí n ṣeré."

Fi èyí sọ́kàn ju gbogbo òwe mi lọ. Tí o bá dé gbọ̀ngàn, wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù, kí o ní kó kọ́kọ́ gbé ọ lulẹ̀ kí ara rẹ tó gan. Kí ẹ̀rù yẹn tán ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí o sì wá ẹni kan níbẹ̀ tí ẹ ó jọ máa rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ pé obìnrin kan wà tó ń rán aṣọ, tó jẹ́ pé ọjọ́ kan náà lẹ jọ bẹ̀rẹ̀. Ṣé o tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀? Ra ẹ̀pà fún un. Ènìyàn kò lè máa lọ síbi tí kò ti ní ẹnìkan.

Òmíràn. Ní ọjọ́ tí kò bá wù ọ́, má bá ara rẹ jiyàn. Má ṣe jókòó sórí ibùsùn kí o máa rò ó. Ẹni tó bá jókòó rò ó, ó ti sùn. Ṣáà wọ bàtà, kí o dé ibẹ̀. Tí o bá débẹ̀ tí ó ṣì rẹ̀ ọ́, jókòó kí o wò wọ́n. Èmi ì bá ti jókòó sórí gbòǹgbò mángòrò yẹn, kí n di èwù ẹlòmíràn mú. Mi ò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Mo rò pé bí ènìyàn kò bá ti jẹ́ ẹni tó lágbára jù, kò sí àyè fún un níbẹ̀. Irọ́ ni.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní oṣù yìí, má wá bí o ṣe máa gbé ẹnikẹ́ni. Wá bí o ṣe máa ṣubú kí ó má dùn ọ́. Tí ìyẹn bá bọ́ sí i, wá nǹkan mìíràn. Kí o sì máa jẹun kí o tó lọ. Láfún tí mo gbé wá, mo mọ̀ pé o kò tíì tú u. Tú u. Eegun tí kò bá jẹun kò lè dúró.

Ó ku ohun tí o béèrè.

O ní kí n sọ pé o lè fi sílẹ̀. Mo ti rò ó láti àná, lóko àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò tilẹ̀ gbọ́ ìwàásù. Láti kékeré lo ti ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi. Àyè láti lọ sí ọjà, àyè láti gé irun, àyè láti gba iṣẹ́ Abẹ́òkúta. Mo sì ń fún ọ, nítorí pé Bàbá kò sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ júdò, o kò béèrè. O kàn pè mí, o ní, "Bọ̀dá, mo ti ra aṣọ ẹ̀." Inú bí mi fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí o yan nǹkan fúnra rẹ láìwo ojú mi.

Nítorí náà mi ò fún ọ láyè. Mi ò sì dá ọ dúró. Tí mo bá ní kí o fi sílẹ̀, títí ayé ni wàá máa sọ pé Bọ̀dá ló ní kí n fi sílẹ̀. Tí mo bá ní kí o dúró, ìgbà tí egungun bá ń dùn ọ́, èmi ni wàá máa bú. Mi ò gbà á. Ohun tí ìwọ nìkan mú, ìwọ nìkan ni kó jù ú sílẹ̀.

Tí o bá fẹ́ fi sílẹ̀, má fi í sílẹ̀ nínú fóònù, má fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Wọ aṣọ rẹ, so bẹ́líìtì funfun yẹn, gun orí mátì. Jẹ́ kí Kóòṣì gbé ọ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Má gan, má na ọwọ́. Kí ẹ̀yìn rẹ kan ilẹ̀ dáadáa, kí o gbá mátì kó dún. Lẹ́yìn náà kí o dìde, kí o wo ojú rẹ̀, kí o sọ fún un pé o ti ń lọ.

Bí o bá dìde tí ọ̀rọ̀ yẹn kò wá sí ọ lẹ́nu, má pè mí láti bi mí pé kí ló dé. Di aṣọ Kóòṣì mú padà.

Màmá kí ọ. Ìdòwú náà kí ọ.

Èmi tí mo dúró fún Bàbá,
Ṣínà.